Ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe nínú ìtàn àròsọ: báwo ni àárín ọmọbìnrin méjì ṣe ń yí padà láìjà?

ỌmọÌtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá ni mo dáwọ́ lé. Ọmọbìnrin méjì, Àdùkẹ́ àti Múyìbá, jọ dàgbà ní Ìtòkú níbí l'Ábẹ́òkúta. Aláró ni ìyá Múyìbá, akọ̀wé ìjọba ni bàbá Àdùkẹ́. Ọdún 1971 ni mo bí wọn sí nínú ìwé, mo sì fẹ́ tẹ̀ lé wọn dé ogójì ọdún. Orí mẹ́rin àkọ́kọ́ ń ṣàn bí omi. Láti orí karùn-ún ni nǹkan ti dákẹ́: wọ́n kàn ń dàgbà ni, kò sí ohun tó ń yí. Mo ti fi ọkùnrin kan dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, mo kà á, mo ya á dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n tẹra mọ́ ọn. Ohun tí n ó fọwọ́ mi ṣe ni kí ẹ sọ.

Olóòtú_Ṣàpọ́n
O ṣeun tí o ya ọkùnrin yẹn dànù. Ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà já bí okùn. Ó máa ń ṣá ni, bí aṣọ tí wọ́n ń sá sí oòrùn kan náà lójoojúmọ́, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ ọjọ́ tó ṣá.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí wọ́n ń pe ara wọn. Yorùbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu láìfi ipò hàn: "o" tàbí "ẹ", orúkọ gan-an tàbí orúkọ ọmọ, "ọ̀rẹ́ mi" tàbí "Àlàájà". Mú ìwé kan, fa òpó mẹ́rin sí i. Òpó kìíní, ọjọ́ orí wọn. Ìkejì, ohun tí Àdùkẹ́ ń pe Múyìbá. Ìkẹta, ohun tí Múyìbá ń pe Àdùkẹ́. Ìkẹrin, ẹni tó kọ́kọ́ yí i padà, àti ẹni tó wà níbẹ̀ tó gbọ́. Bí òpó kejì àti ìkẹta bá dọ́gba láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni orí karùn-ún rẹ ti kú.

Ní ọmọ ọdún méje, "Múyì" àti "Àdù". Ní ọdún mẹ́tàlá, orúkọ àpèjẹ́ kan tí àwọn méjèèjì nìkan mọ̀. Má jẹ́ kí ó gùn, torí ìgbà àìmọye ni wàá kọ ọ́. Ní ọdún méjìlélógún, Múyìbá ti bí Kúdí: Àdùkẹ́ á máa pè é ní "Ìyá Kúdí" lójú ọjà, á sì padà sí "Múyì" bí ilẹ̀kùn bá ti sé. Nígbà tí Múyìbá bá ti Mẹ́kà dé, ó di "Àlàájà", "o" sì di "ẹ" níwájú àwọn oníbàárà. Ọjọ́ tí Àdùkẹ́ bá ṣèèṣì sọ "ẹ" nígbà tí àwọn méjì nìkan wà nínú yàrá, tí Múyìbá kò sì bá a wí, o kò nílò ìjà kankan mọ́.

Má ṣàlàyé rẹ̀ o! Bí o bá kọ ọ́ pé "ó dun Múyìbá pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ẹ pè é", ọwọ́ ara rẹ lo fi pa á. Kí Múyìbá kàn béèrè bóyá ó ti jẹun.

Ohun kan ṣì kù kí o tó kọ ìlà míì: fi oṣù sí ọjọ́ ìbí wọn. Kí àlàfo tó wà láàárín wọn má pé ọdún kan. Bí ó bá fi ọdún méjì ju èkejì lọ, òǹkàwé á máa bi ara rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní pé kí ló dé tí àbúrò ń fi "o" bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀.

Ìyá_Òwu
Ọ̀rọ̀ Olóòtú dára, àmọ́ èmi á fi ọ̀bẹ náà wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ ọkùnrin ní Múyìbá kó fi ṣaya.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má rí i bí ó ti wúwo tó. Láti ọjọ́ tí ìyàwó bá ti wọlé, gbogbo ọmọ tí ó bá nínú ilé náà, títí kan èyí tó ṣì ń rá, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ pe ọ̀kankan nínú wọn lórúkọ. Òun ló máa fún wọn ní orúkọ mìíràn: Ìbàdíàrán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó, Adúmáadán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé Àdùkẹ́, tí wọ́n jọ ń ṣe tẹ́ǹ-tẹ́ǹ lẹ́yìnkùlé, ti di ọkọ Múyìbá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Múyìbá ni yóò kúnlẹ̀ kí i. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì ṣẹ̀ ẹ́. Ìdílé ló ṣe é.

Ẹnìkan á sọ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n, kí wọ́n máa ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́. Nínú yàrá, bẹ́ẹ̀ ni. Níwájú ìyá ọkọ, rárá. Nítorí náà ìran méjì lo máa kọ, ní ọjọ́ kan náà: ìkíni àárọ̀ ní pálọ̀, níwájú ìyá, lẹ́yìn náà, ìdí ààrò, àwọn méjèèjì nìkan. Nínú ìran kejì yìí ni kí wọ́n ti gbìyànjú láti fi ti àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹ̀rín náà má sì gùn.

Orúkọ tí Múyìbá yóò fún un ni kí o farabalẹ̀ yàn. Kó jẹ́ ohun tí a ti rí ní orí kejì. Bí eyín Àdùkẹ́ bá ti yọ lójú agbo eré nígbà náà, Eyínfúnjowó á dun òǹkàwé ju ọ̀rọ̀ ìdágbére lọ.

Ti ẹ̀sìn: má sọ ọ́ di ogun. Mùsùlùmí àti Krístẹ́nì ń gbé agboolé kan l'Ẹ́gbàá láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjíròrò tó máa wáyé kò ju bóyá wọ́n máa so yìgì tàbí wọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti orúkọ tí wọ́n máa sọ ọmọ. Ojú ìwé mẹ́ta tó.

Ajé_Kútọ̀
Ẹ má bínú mà, mo takò yín díẹ̀. Bí Múyìbá bá wọlé Àdùkẹ́, ìtàn ọ̀rẹ́ ti di ìtàn ìyàwó ilé. Ìyá ọkọ á gba ìwé náà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, torí ìyá ọkọ máa ń dùn ún kọ. Bí ỌmọÌtòkú bá fẹ́ lò ó, kí ó fi sí ìdá kẹta ìwé, kí ó má jẹ́ kí ìyá náà sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ.

Ìyá_Òwu
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tó. Ìyá ọkọ tó mọṣẹ́, ojú ló fi ń sọ̀rọ̀.

TíṣàÌtàn
Ọmọ mi, 1971 yẹn ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Sún wọn sí 1970, wàá rí i bí gbogbo nǹkan yóò ṣe jókòó.

September 1976 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n sì ń gbà. Ọmọ tí a bí ní 1970 wọ pírámárì nígbà náà gẹ́lẹ́, ó parí ní 1982. September 1982 náà ni ètò 6-3-3-4 (ọdún mẹ́fà ní pírámárì, mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdírì kékeré, mẹ́ta ní ti àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì) bẹ̀rẹ̀, nítorí náà Àdùkẹ́ àti Múyìbá wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó wọ JSS 1, ìyẹn kíláàsì kìíní sẹ́kọ́ńdírì kékeré, nígbà tí àwọn tó ṣíwájú wọn ṣì ń ṣe fọ́ọ̀mù tú títí dé fọ́ọ̀mù fáìfù nínú ọgbà kan náà. 1988 ni wọ́n jókòó ṣe SSCE àkọ́kọ́, ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì. Má ṣe kọ ọ́ pé wọ́n wà ní "fọ́ọ̀mù tú" ní 1983. Àwọn òǹkàwé tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ṣì wà láàyè, wọ́n sì máa ń bínú.

Má fi owó ilé-ìwé lé Múyìbá kúrò ní sẹ́kọ́ńdírì ní 1982 tàbí 1983. Ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú UPN lábẹ́ gómìnà Bísí Ọnàbánjọ ló wà ní Ògùn láti October 1979 títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 31 December 1983, sẹ́kọ́ńdírì sì jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí o bá fẹ́ kó kúrò, ohun tó lè fà á ni pé ìyá rẹ̀ nílò ọwọ́ kejì nídìí aró.

Wàyí o, ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ gan-an nìyí. Ní April 1984, ìjọba Buhari pàrọ̀ àwọ̀ owó bébà. Wọ́n ti ẹnubodè, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún gbogbo ènìyàn láti kó owó àtijọ́ lọ sí báǹkì. Wo ohun tí èyí ṣe sí ilé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Akọ̀wé ìjọba ní àkáǹtì, owó oṣù rẹ̀ kò kan ìkòkò. Aláró tó ń fi owó ọjà pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí kò mọ báǹkì, tó tò láti àárọ̀ tí wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, owó òwò rẹ̀ ti di bébà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn ọmọbìnrin náà nígbà náà. Orí karùn-ún rẹ rèé.

Má sì dúró síbẹ̀. Ní 1986, SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba àpapọ̀, dé, náírà ṣubú. Owó oṣù akọ̀wé kò kúrò lójú kan, ọjà sì ń fò sókè. Ìyẹn ni pé ilé Àdùkẹ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀, nígbà tí ìyá Múyìbá, tó lè fi owó lé ọjà rẹ̀ bí ó ti fẹ́, á máa rọra gòkè padà. Àwọn méjèèjì kò sí lórí pẹpẹ kan náà fún ọdún kan ṣoṣo lẹ́yìn 1984. O kò nílò ọkùnrin kankan.

Àwọn wéréwéré tó ń tú àṣírí òǹkọ̀wé: ogún náírà ni owó bébà tó tóbi jù láti 1977 títí 1991, tí àádọ́ta náírà dé. Ọgọ́rùn-ún náírà kò jáde títí December 1999. Àwọn àgbà ọjà ṣì ń fi owó àtijọ́ kà ní ọdún 1980: pọ́n-ùn kan ni náírà méjì, ṣílè kan ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì ni kọ́bọ̀ márùn-ún. Kí ìyá Múyìbá máa sọ "pọ́n-ùn márùn-ún", kí bàbá Àdùkẹ́ máa sọ "náírà mẹ́wàá". Owó kan náà ni, ilé méjì ni.

August 2001 ni fóònù alágbèéká dé, àádọ́ta náírà ni ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n yọ. 2003 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú-àáyá kà á. Láàárín ọdún méjì yẹn, ẹni tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ẹni tó kàn ń fíláàṣì, tó ń pe tó sì ń pa á kí wọ́n tó gbé e, òǹkàwé á mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún un.

Aláró_Kẹ́mta
Ẹ ṣé sà. Nítorí pé aláró ni ìyá Múyìbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti aró, torí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kàn ń kọ "ó ń pa aṣọ láró" tí wọ́n á sì sá lọ.

Ní 1978, agbègbè aró rẹ̀ á ní nǹkan méjì. Ìkòkò ẹ̀lú wà fún àwọn àgbà tó ṣì ń béèrè fún un, àwọn báàfù oníkẹ́míkà sì wà fún kàm̀pálà, àdìrẹ aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ti ẹ̀lú: ewé rẹ̀ ni wọ́n gún nínú odó, wọ́n ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, wọ́n sá a gbẹ. Wọ́n da eérú sínú ìkòkò tó nihò nídìí, wọ́n bu omi lé e, omi eérú ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n fi rẹ ẹ̀lú, wọ́n dé e fún ọjọ́ díẹ̀ títí yóò fi kan. Bí omi eérú kò bá ta, aró kò ní mú aṣọ. Bí ó bá pẹ́ jù, ó bàjẹ́, àdúgbò á sì gbọ́ òórùn rẹ̀ kí aláró tó gbọ́.

Aṣọ kì í jáde ní búlúù. Àwọ̀ ewé ni ó ń bá jáde. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni. Fún ọmọ ọdún méje, idán nìyẹn. Aṣọ gbọ́dọ̀ wọlé, kí ó jáde, kí ó gba atẹ́gùn, kí ó tún wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó tó dúdú kirikiri. Èékánná aláró kì í mọ́. Ọmọ ilé akọ̀wé tó bá ń lọ síbẹ̀ ṣeré lójoojúmọ́, èékánná tirẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, ìyá rẹ̀ á sì máa fi kànìnkàìn bó o ní Sátidé nítorí ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí aró má bàa mú ibẹ̀: láfún ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ rẹ̀, wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n fi aṣọ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa sí, wọ́n wá fi ìyẹ́ adìyẹ ya á sára tẹ́rù funfun. Ojú kan ni wọ́n ń ya. Ẹ̀yìn á dúdú délẹ̀. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, aró á wọ inú àwòrán. Bí ó bá ki jù, ó máa ń sán bí ó bá gbẹ, ìlà wẹ́wẹ́ á kún ojú aṣọ. Àwọn tí ń lo páànù tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí ń fi ẹ̀kọ náà họ ọ́ kọjá ni, ìyẹn yá ju ìyẹ́ lọ. Láfún kan náà tí wọ́n fi ro àmàlà lálẹ́ ni o. Má kọjá lórí ìyẹn.

Ti kẹ́míkà: kọ́sítíìkì ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi lé kọ́sítíìkì, torí á hó tà síni lójú. Bí haidírósì, kẹ́míkà kejì tí wọ́n ń pò mọ́ aró, bá ti rí atẹ́gùn pẹ́ nínú ọ̀rá, aró á máa gbá aṣọ ní àbàwọ́n-àbàwọ́n. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan báàfù yẹn, o lè fi ìyẹn ṣe ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ nínú ìwé.

Ajé_Kútọ̀
Gbọ́ ná. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ṣebí abala méjì ni wọ́n máa ń rán pọ̀, ọ̀pá méjì ààbọ̀ méjì-méjì? Kí ìyá Múyìbá tú ìránṣọ rẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú abala kan. Àmì ọ̀rẹ́ wọn nìyẹn títí dópin.

Olóòtú_Ṣàpọ́n
Ó ti mọ́ jù. Òǹkàwé á ti rí i láti ojú ìwé ogún pé wọ́n máa tún un rán ní orí ìkẹyìn. Bí ó bá fẹ́ lo aṣọ náà, kí ó jẹ́ kí ó gbó bí aṣọ ṣe ń gbó. Kí Múyìbá ti fi tirẹ̀ ṣe ọ̀já Kúdí, lẹ́yìn náà kó ya á fi di ìdérí ìkòkò. Kí Àdùkẹ́ tọ́jú tirẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀. Nígbà tí Àdùkẹ́ bá rí ti Múyìbá lórí ìkòkò, kò ní mọ̀ bóyá Múyìbá kà á sí ohun àsọnù ni tàbí ó lò ó tán. Àwọn méjèèjì ló nífẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ọ̀nà ni kò jọ.

ỌmọÌtòkú
Orí mi ń yí, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti sún wọn sí 1970. Ìbéèrè méjì: ṣé kí n lo "èmi" fún àwọn méjèèjì, tàbí kí n dúró níta? Àti pé bí mo ṣe máa fi ọgbọ̀n ọdún ó lé sínú ìwé kan.

Olóòtú_Ṣàpọ́n
Ọgbọ̀n ọdún kọ́ ni wàá kọ. Ìgbà mẹ́rin ni: ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ, ọdún mẹ́rìnlá, ọdún méjìlélógún, ogójì. Orí mẹ́fà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ní orí kan, ó di ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún. Má kọ "ọdún mẹ́jọ kọjá". Ṣí ìdá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irun. Ní ìdá kìíní Àdùkẹ́ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá Múyìbá, òòyà, ìlàrí, ìgò àdí lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń dì í ní ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀. Ní ìdá kejì, àwọn ọmọ náà ń di fún ara wọn, ṣùkú, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìdá kẹta, ọ̀kan ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù onírun, èkejì ti ń dé ìborí. Ẹni tó bá kà á kò ní béèrè iye ọdún.

Ti "èmi": lò ó fún àwọn méjèèjì bí o bá lè gba ìdánwò yìí. Bo orúkọ tó wà lókè orí, ka ìpínrọ̀ kan fún ẹlòmíràn. Bí kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láàárín ìlà mẹ́ta, padà síta. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń rí. Ọmọ aláró á rí aṣọ tí ènìyàn wọ̀ kí ó tó rí ojú rẹ̀, pọ́n-ùn àti ṣílè ni yóò sì fi kà á. Ọmọ akọ̀wé á rí bàtà.

OlùkọÈdè
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi ti èdè kún un. Ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ nìkan, díẹ̀díẹ̀. "Ihun" dípò "nǹkan" lẹ́nu ìyá àgbà tó. Bí gbogbo ènìyàn bá ń sọ ọ́ lójú ewé gbogbo, ará Èkìtì tó rà á á pa á dé. Lò ó láti fi ìyàtọ̀ hàn: kí Àdùkẹ́ padà wá láti yunifásítì pẹ̀lú Yorùbá ilé-ìwé, kí ẹnu rẹ̀ máà lè mú ihun mọ́.

Lẹ́tà: ní 1974 ni wọ́n fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Àwọn tó kàwé ṣáájú rẹ̀ kò yí padà. Bí bàbá Àdùkẹ́ bá kọ lẹ́tà ní 1988, "aiye", "enia", "onjẹ", "nkan" ni yóò kọ, ó ṣeé ṣe kó máà fi àmì ohùn kankan sí i. Ọmọ rẹ̀ á kọ "ayé", "ènìyàn", "oúnjẹ". Jẹ́ kí àkọtọ́ náà hàn bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, kí o sì sọ fún ẹni tó ń ṣàtúnkà kó má tún un ṣe.

Òwe "ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún": gbogbo òǹkàwé ni yóò ti máa retí rẹ̀. Má fi sí ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí o kò bá lè ṣe é kù, fún ẹni tí yóò sọ ìdajì rẹ̀ kí wọ́n tó ké e lẹ́nu.

Ìyá_Òwu
Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí kò rántí pé ara obìnrin máa ń yí kí ọkàn rẹ̀ tó yí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà á ṣáájú èkejì rí nǹkan oṣù. Ní ọdún 1982, ìyá kì í ṣàlàyé. Ohun tó máa sọ ni pé, "bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, o lóyún nìyẹn." Ọmọ náà á gbà á bí ó ṣe gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ kejì, kò ní bá àwọn ọmọkùnrin àdúgbò fò súwẹ̀ mọ́, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á rò pé ìgbéraga ni. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Àlàfo kékeré yẹn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ni wọ́n máa fi mọ bí a ṣe ń dákẹ́ fún ara ẹni.

Tún wo ọjọ́ Orò. Obìnrin gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, ilẹ̀kùn àti fèrèsé títì. Àwọn ọmọbìnrin méjì nínú yàrá kan, ooru, wọ́n ń gbọ́ ohùn níta, ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́ sì ti jáde torí ọkùnrin ni. Òun ni Múyìbá ń béèrè nípa rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí Àdùkẹ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, kí ó má mọ ohun tí ó ṣàkíyèsí. Má kọ ohun tó wà níta. O kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n.

Aṣọ ẹbí ńkọ́? Nígbà ìgbéyàwó, wo aṣọ tí wọ́n gbé fún ọ̀rẹ́: ti ẹbí ni, tàbí ti "àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó"? Ṣé wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àbí wọ́n rán ọmọ sí i pẹ̀lú iye owó? Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé_Ìjẹ̀ùn
Kí ẹ tó parí, ẹ jẹ́ kí n ta á lólobó nítorí ìgbà tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ àti ọ tó gbé àmì ohùn kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. Àmì ni wọ́n ń gbé lé orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n á sọ àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif ń gbé e dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Má gbé fáìlì Word fún atẹ̀wé. Sọ ọ́ di PDF tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Fún àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ láàyè: bí lẹ́tà bá jẹ́ pọ́ìntì 11, kí ìlà sí ìlà tó pọ́ìntì 15, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ìsàlẹ̀ á máa gún ìlà kejì lórí.

Ìwọ̀n A5, bébà 80 giráàmù. Iye ojú ìwé gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí 16, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ká a. 224 tàbí 240 ni ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ rẹ á bọ́ sí. Ọ̀dọ̀ National Library ni wọ́n ti ń gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, kí o gbà á kí wọ́n tó ya èèpo ìwé. Bí ìwé bá jáde, òfin ní kí o fún wọn ní ẹ̀dà mẹ́ta.

TíṣàÌtàn
Mo gbàgbé méjì. Bí àwọn ọmọ náà bá gun Òkúta Olúmọ ní 1979, àtẹ̀gùn ni wọ́n gbà. Ẹ̀rọ agbénisókè kò sí níbẹ̀ títí di 2006. Bí o bá sì fẹ́ kí Àdùkẹ́ fi rélùwéè ti Èkó dé, Láfẹ́nwá ló máa sọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìtàn rẹ gbà. Ládérìn, ti ọkọ̀ ojú irin tuntun, 2021 ló bẹ̀rẹ̀.

ỌmọÌtòkú
Ẹ kú làálàá o. Ìkan péré ló kù: orí mẹ́rin tí mo ti kọ, ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Aláró_Kẹ́mta
Fi wọ́n sílẹ̀, àmọ́ fi nǹkan kan sínú wọn. Àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n ń fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, ni kí o lò. Bí aṣọ bá ti gbẹ, àwọn ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń fún ní ìko tú, méjì-méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní etí aṣọ, abẹ lọ́wọ́. Ibi tí ìko ti so pinpin ni ewu wà: abẹ á yọ̀, á ge aṣọ mọ́ ìko, ihò tó tó ẹyọ àgbàdo á sì wà láàárín ọ̀pá márùn-ún tí ẹnìkan ti san àsansílẹ̀ lé lórí. Kò ṣeé lẹ̀, kò ṣeé pa láró tún. Kí Àdùkẹ́ ni yóò lu ihò náà. Ìyá Múyìbá kò ní lè nà án, ọmọ akọ̀wé ni. Múyìbá ni yóò jẹ ẹgba rẹ̀, Àdùkẹ́ á sì wà níbẹ̀, abẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.